Ọ̀dá Dá, Ṣùgbọ́n Ta Ló Ti Ilẹ̀kùn Àká?

Ní ọ̀pọ̀ ìjọ wa nílùú ọba níbí, bí a bá dé ibi àdúrà ẹ̀bẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè, orúkọ Zimbabwe kì í pẹ́ jáde. Ohun tí a sì máa ń tọrọ fún wọn kì í yàtọ̀: kí Ọlọ́run ṣí fèrèsé ọ̀run, kí òjò rọ̀, kí ilẹ̀ mú èso wá. Èmi náà a ṣe àmín, nítorí òjò kì í ṣe ohun àfiṣeré. Ní ọdún 2024, nígbà tí ìyípadà ojú ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní El Niño dá òjò dúró ní apá gúúsù Áfíríkà, àgbàdo gbẹ lórí ìdúró ní Zimbabwe. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún náà, Ààrẹ Emmerson Mnangagwa kéde pé àjálù ti dé bá orílẹ̀-èdè òun, ó sì ní àwọn nílò owó tó lé ní bílíọ̀nù 2 dọ́là. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, ìjọba sọ pé àwọn yóò pa erin 200 kí wọ́n lè pín ẹran rẹ̀ fún àwọn tí ebi ń pa. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dórí pípa erin jẹ, ó ti kọjá ẹ̀rín.

Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ òjò nìkan la ń tọrọ fún Zimbabwe, ìdajì àdúrà la gbà. Ebi ilẹ̀ náà ní apá kan tó wá láti ojú ọ̀run. Ó ní apá kejì tó jẹ́ pé ènìyàn ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, tó sì ń tún un ṣe láti bí ogójì ọdún wá. Apá kejì yìí ni mo fẹ́ kí a jọ sọ lóṣù yìí, nítorí owó ìkórè ìjọ mélòó kan máa ń lọ sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí ẹni tó ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ mọ ẹni tó di ẹnu àpò mú.

Ẹnì kan lè ní kí ló kàn wá. Ó kàn wá nítorí pé àwọn ará Zimbabwe ni alájọṣiṣẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ní wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn, lẹ́nu iṣẹ́ òru, ọmọ Nàìjíríà àti ọmọ Zimbabwe ló sábà máa ń jọ wà. Físà kan náà ló gbé púpọ̀ wọn dé. Wọ́n pọ̀ débi pé àwọn fúnra wọn a máa fi ṣe àwàdà, wọn a ní Harare North ni London. Oúnjẹ wọn, sadza, kò jìnnà sí túwó àgbàdo tí àwọn ará Ìlọrin mọ̀ dáadáa: ìyẹ̀fun àgbàdo funfun tí a rò lórí iná títí yóò fi le, tí a ń fọwọ́ bù, tí a ń fi ẹ̀fọ́ tàbí ẹran jẹ. Ọmọ Zimbabwe tí kò bá rí sadza á ní òun kò tíì jẹun, gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wa kan kò ṣe ka ìrẹsì sí oúnjẹ. Nítorí náà, ẹni tó bá di àgbàdo mú ní Zimbabwe, ọ̀nà ọ̀fun gbogbo ìlú ló dì mú.

Ó tún kàn wá nítorí pé ọwọ́ Nàìjíríà, àní ọwọ́ ọmọ Ẹ̀gbá kan gan-an, wà nínú ìtàn náà. N ó dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀. Kí òmìnira tó dé, Rhodesia ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Òfin ọdún 1930 pín ilẹ̀ náà sí méjì: ibi tó lọ́ràá, tí òjò ń rọ̀ sí dáadáa, di ti àwọn òyìnbó díẹ̀, wọ́n sì kó àwọn onílẹ̀ jọ sí ibi yanrìn àti òkúta. Ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 1965, Ian Smith àti àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ kéde òmìnira fúnra wọn kí agbára má baà bọ́ sọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ogun sì ṣẹlẹ̀. Àwọn àgbà tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà nígbà náà á rántí owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù fún àwọn tó ń jà fún òmìnira ní gúúsù Áfíríkà. Ní ọdún 1979, nígbà tí àwọn olórí Commonwealth fẹ́ ṣe ìpàdé ní Lusaka, ìjọba ológun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gba ilé iṣẹ́ epo BP mọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, kí Margaret Thatcher lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Rhodesia kì í ṣe eré. Kò pẹ́ sí i tí wọ́n fi jókòó ìpàdé ní Lancaster House ní London. Nígbà tó di ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1980, Zimbabwe gba òmìnira, Robert Mugabe sì di olórí ìjọba.

Lọ́jọ́ òmìnira yẹn, nǹkan bí 6,000 àgbẹ̀ òyìnbó ló ń dáko lórí ilẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 15 hẹ́kítà. Ẹ̀dùn ọkàn lórí ilẹ̀ ní Zimbabwe kì í ṣe irọ́ rárá. Ẹni tó bá ti ka ìtàn Nábótì nínú ìwé Àwọn Ọba kìíní mọ̀ pé Ọlọ́run kì í fojú kékeré wo ogún bàbá ẹni. Ibi tí èmi ti yapa sí àwọn tó ń gbèjà ìjọba ibẹ̀ ni pé Áhábù kò ní àwọ̀ kan pàtó.

Òmìnira kò tíì pé ọdún márùn-ún tí ìjọba tuntun náà fi ti ilẹ̀kùn àká mọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní Matabeleland, lápá ìwọ̀-oòrùn, Joshua Nkomo ni àwọn ènìyàn ń tẹ̀ lé, kì í ṣe Mugabe. Àwọn ọmọ ogun mélòó kan tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ gbé ìbọn wọ igbó, ìjọba sì fi ìyẹn kẹ́wọ́. Ní ọdún 1983, wọ́n rán ẹgbẹ́ ọmọ ogun karùn-ún, tí àwọn ará Àríwá Kòríà kọ́ ní ogun, sí àwọn abúlé. Gukurahundi ni orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ní èdè Shona, òjò àkọ́rọ̀ tó ń gbá ìyàngbò lọ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ wò ó, orúkọ òjò ni wọ́n fún un.

Nígbà tí ọdún 1984 bẹ̀rẹ̀, ọdún kẹta rèé tí ọ̀dá ti ń dá ní Matabeleland, oúnjẹ ìrànwọ́ ni ọ̀pọ̀ fi ń mí. Ìgbà yẹn gan-an ni ìjọba ṣe òfin kónílé-ó-gbélé ní apá gúúsù Matabeleland, níbi tí nǹkan bí 400,000 ènìyàn ń gbé. Wọ́n ti àwọn ìsọ̀ pa. Wọ́n dá àwọn ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ ìrànwọ́ bọ̀ dúró. Kì í ṣe pé oúnjẹ kò sí. Wọn ò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wọn ni. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì ti kọ̀wé ìkìlọ̀ sí ìjọba láti ọdún 1983, Mugabe sì bú wọn dípò kó dá wọn lóhùn. Ní ọdún 1997, ìgbìmọ̀ Kátólíìkì fún òdodo àti àlàáfíà pẹ̀lú àwọn agbẹjọ́rò kan gbé ìwé kan jáde tí wọ́n kó ẹ̀rí àwọn ará abúlé náà jọ sí. Iye tí ọ̀pọ̀ ń dá ni pé nǹkan bí 20,000 ènìyàn ló kú kí Mugabe àti Nkomo tó fọwọ́ sí ìwé ìrẹ́pọ̀ ní ìparí ọdún 1987. Ọ̀pọ̀ ìdílé kò tíì sin òkú wọn bó ṣe yẹ títí dòní.

Mo dúró pẹ́ lórí èyí nítorí pé ibẹ̀ ni ìjọba ti kọ́ ohun tó wá di àṣà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fo ọdún díẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1999, Morgan Tsvangirai, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àti àwọn ẹlòmíràn dá ẹgbẹ́ alátakò MDC sílẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2000, ìjọba gbé òfin ìpìlẹ̀ tuntun síwájú àwọn ará ìlú, wọ́n sì dìbò pé àwọn ò fẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Mugabe máa fìdí rẹmi nínú ìdìbò. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí àwọn tó pe ara wọn ní ajagunfẹ̀yìntì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ oko àwọn òyìnbó. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, MDC gba àga 57 nínú 120 tí wọ́n dìbò sí nílé aṣòfin.

Èrò tèmi lórí ọ̀rọ̀ oko náà rèé, kó má baà dà bíi pé mò ń sá fún un. Gbígba ilẹ̀ padà kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kéékèèké tí wọ́n pín ilẹ̀ fún ti fi tábà hàn pé àwọn mọ iṣẹ́: ní ọdún 2023, tábà tí Zimbabwe tà sún mọ́ 300 mílíọ̀nù kílò, ó ju èyíkéyìí tí wọ́n tíì tà rí láyé òyìnbó lọ. Aburú ibẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ṣe é. Wọ́n fi ìjà àti ikú gbà á. Àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ òṣèlú àti ti ológun mú oko tó dára jù. Wọn ò fún àgbẹ̀ tuntun ní ìwé tó lè gbé lọ sí báǹkì láti fi yá owó irúgbìn àti ajílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ oko tí wọ́n jẹ́ nǹkan bí 300,000, tí bàbá ọ̀pọ̀ wọn wá láti Málawì àti Mòsáńbíìkì, ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù, ṣùgbọ́n àwọn ni a kì í gbọ́ orúkọ wọn. Ti àwọn àgbẹ̀ òyìnbó ni ayé sọ. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa: láti ọdún 2004, ìjọba Bùkọ́lá Sàràkí ní ìpínlẹ̀ Kwara pe mẹ́tàlá wọn wá dáko sí Shonga létí odò Ọya.

Nígbà tí ọ̀dá tún dé ní ọdún 2002, irúgbìn àwọn tó ti wó oko palẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Ìjọba ti sọ ọ́ di òfin pé àjọ tirẹ̀ kan ṣoṣo, Grain Marketing Board, ló lè ra àgbàdo tàbí kó kó o wọlé láti òkèèrè. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì, ẹ padà sí Jẹ́nẹ́sísì orí 47 kí ẹ rí ohun tí a kì í sábà wàásù lé lórí: Jósẹ́fù gba ẹ̀mí àwọn ènìyàn là lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàn fi máa parí, owó wọn, ẹran ọ̀sìn wọn àti ilẹ̀ wọn ti di ti Fáráò. Bí gbogbo àká bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹ kúkú máa gbàdúrà kó jẹ́ Jósẹ́fù.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn náà. Ní abúlé, sabhuku ni wọ́n ń pe baálẹ̀. Oníwèé ni ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí pé láyé òyìnbó òun ló ń mú ìwé orúkọ àwọn asanwó-orí lọ́wọ́. Lónìí, ìwé náà ni wọ́n fi ń pín àgbàdo olówó pọ́ọ́kú, irúgbìn àti ajílẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ni ọ̀pọ̀ sabhuku, tàbí kí kánsẹ́lọ̀ ẹgbẹ́ jókòó tì í. Tí ìwọ kò bá lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́, tí wọn kò rí káàdì ẹgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ, tàbí tí ọmọ rẹ ní Harare ń wọ ẹ̀wù alátakò, wọ́n á ka orúkọ títí wọn kò ní dé orí tìrẹ. Ìwọ á ká àpò rẹ padà sílé. Kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀ tí oníròyìn lè ya fọ́tò. Àjọ Human Rights Watch gbé ìwádìí jáde lórí èyí ní ọdún 2003, àwọn míràn sì ṣe é lẹ́yìn wọn. Lọ́dún 2004, Mugabe sọ fún tẹlifíṣọ̀n Gẹ̀ẹ́sì kan pé àwọn ti ní oúnjẹ tó, kí àwọn àjọ àgbáyé má fi oúnjẹ há àwọn lọ́fun. Kò pẹ́ tí ebi tún fi gba ìlú kan.

Ọdún 2008 ló burú jù. Ní ìdìbò oṣù kẹta, Tsvangirai ní ìbò ju Mugabe lọ, ṣùgbọ́n ó lé ní oṣù kan kí wọ́n tó ka èsì rẹ̀ jáde, wọ́n sì ní kò tíì pé ìdajì, kí wọ́n tún ọ̀kan dì. Láàárín ìdìbò méjèèjì, wọ́n lu àwọn ènìyàn, wọ́n pa àwọn mìíràn, wọ́n sun ilé. Ní oṣù kẹfà, bí ìdìbò kejì ṣe ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo àjọ aláàánú dá iṣẹ́ wọn dúró ní àwọn ìgbèríko. Oúnjẹ àwọn arúgbó, oúnjẹ ọmọléèwé, gbogbo rẹ̀ dúró títí di ìparí oṣù kẹjọ. Ẹni tí ebi ń pa ní oṣù náà mọ ibi kan ṣoṣo tí àgbàdo wà. Tsvangirai yọ ara rẹ̀ kúrò kí wọ́n má baà pa àwọn ènìyàn rẹ̀ tán.

Owó wọn náà bàjẹ́ lọ́dún yẹn. Ìjọba fúnra rẹ̀ gbà pé ní oṣù keje ọdún 2008, ọ̀wọ́n ọjà ti gòkè ní 231 mílíọ̀nù nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún kan. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, báǹkì ìjọba tẹ owó bébà kan tó jẹ́ 100 tírílíọ̀nù dọ́là Zimbabwe. Olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì tó fi ọgbọ̀n ọdún tọ́jú owó pamọ́ bá a tó ti di bébà lásán. Nígbà tí wọ́n dó ti Samáríà láyé Èlíṣà, ọgọ́rin ìwọ̀n fàdákà ni wọ́n ń ta orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Àwọn ará Harare mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Omi ẹ̀rọ kò yọ, kọ́lẹ́rà bẹ́ sílẹ̀, ó kọ lu àwọn tó sún mọ́ 100,000, ó sì pa àwọn tó lé ní 4,000. Púpọ̀ nínú àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ òru, ọdún wọ̀nyẹn ló lé wọn kúrò nílé.

Níbo ni Nàìjíríà wà? Ní ọdún 2002, wọ́n ní kí Ọbásanjọ́, tó ti padà di ààrẹ alágbádá, pẹ̀lú olórí Gúúsù Áfíríkà àti ti Ọsirélíà gbé ọ̀rọ̀ Zimbabwe yẹ̀ wò fún Commonwealth. Wọ́n dá Zimbabwe dúró. Ní oṣù kejìlá ọdún 2003, nígbà tí ìpàdé gbogbogbòò bọ́ sí Àbújá, Ọbásanjọ́ tó gba àlejò kò pe Mugabe. Mugabe bínú, ó yọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ kúrò pátápátá. Mo yìn ín fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan náà ló ṣáájú àwọn aṣojú Áfíríkà lọ wo ìdìbò ọdún 2013, ó sì ní ó lọ déédéé, nígbà tí àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ń pariwo pé orúkọ ọ̀pọ̀ èrò ìlú ńlá kò sí nínú ìwé olùdìbò. Wọ́n ní ẹni tí a bá wá gbèjà rẹ̀ kì í sùn, ṣùgbọ́n àwa tí a jẹ́ agbèjà la sùn lọ́dún náà.

Ìjọ Ọlọ́run ńkọ́? Ojú méjì ló ní. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2007, àwọn onígbàgbọ́ àti àwọn alátakò pè fún ìpàdé àdúrà ní Highfield ní Harare. Ọlọ́pàá tú u ká, wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan, wọ́n sì lu Tsvangirai títí orí rẹ̀ fi bẹ́. Ìpàdé àdúrà, ẹ̀yin ará. Nígbà àjíǹde ọdún náà, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì kọ lẹ́tà kan tí wọ́n kà nínú àwọn ìjọ, tó sọ fún àwọn aláṣẹ pé Ọlọ́run ń gbọ́ igbe àwọn tí wọ́n ń ni lára. Ní ọdún 2016, Pásítọ̀ Evan Mawarire, tí owó iléèwé àwọn ọmọ rẹ̀ ń dà láàmú, fi àsíá orílẹ̀-èdè kọ́rùn, ó sọ̀rọ̀ sínú fóònù, odindi ìlú sì tẹ̀ lé e. Wọ́n mú un lọ sẹ́wọ̀n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní òdìkejì, Bíṣọ́ọ̀bù Nolbert Kunonga ti Áńgílíkà ní Harare fara mọ́ Mugabe, ó sì di kàtídírà àti àwọn ilé ìjọ mú fún ọdún púpọ̀. Ọlọ́pàá ń lé àwọn ọmọ ìjọ, wọ́n ń sìn lábẹ́ igi, títí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fi dá a fún wọn padà ní oṣù kọkànlá ọdún 2012. Àwọn aláṣọ funfun ibẹ̀ pọ̀ gan-an, àwọn olóṣèlú sì mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ wọn: Mugabe gan-an wọ aṣọ funfun, ó sì mú ọ̀pá lọ́wọ́ lọ sí àjọ̀dún ọ̀kan nínú wọn ní ọdún 2010. Àwa tí a mọ bí àwọn gómìnà wa ṣe máa ń wọ sùtánà bí ìdìbò bá kù díẹ̀, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu.

Ìjọba á ní ìfìyàjẹ àwọn òyìnbó ló fa gbogbo rẹ̀. Òótọ́ ni pé Amẹ́ríkà ṣe òfin sí wọn ní ọdún 2001, Yúróòpù sì tẹ̀ lé e lọ́dún kejì, àwọn báǹkì òkèèrè sì bẹ̀rù láti bá wọn dòwò pọ̀. Ó dun ará ìlú náà. Àmọ́ kì í ṣe Amẹ́ríkà ló mú ìwé sabhuku lọ́wọ́, kì í sì í ṣe Amẹ́ríkà ló ti ìsọ̀ pa ní 1984. Ẹ wo Botswana tó jẹ́ aládùúgbò wọn, tí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ ju tiwọn lọ. Ọ̀dá bá wọn jà láti ọdún 1982 títí di 1987. Ìjọba fún àwọn ọmọ kékeré ní oúnjẹ, ó fún àwọn àgbà ní iṣẹ́ ọ̀nà ṣíṣe kí wọ́n lè rówó, ìyàn kò sì pa wọ́n. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ Íńdíà nì, Amartya Sen, tó fojú ara rẹ̀ rí ìyàn Bẹ̀ngálì ọdún 1943 nígbà tó wà lọ́mọdé, ṣàlàyé rẹ̀: níbi tí ìwé ìròyìn ti lè pariwo, tí ará ìlú sì lè fi ìbò lé olórí lọ, olórí kì í lè sùn nígbà tí ebi bá ń pa ìlú. Ní ọdún 2024, àwọn ará Botswana fi ìbò lé ẹgbẹ́ tó ti ń ṣèjọba láti 1966, ààrẹ sì kí ẹni tó wọlé kú oríire.

Ìrètí wà nígbà tí àwọn ológun lé Mugabe ní oṣù kọkànlá ọdún 2017. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún tó tẹ̀ lé e, ṣọ́jà yìnbọn ní àárín Harare, ènìyàn mẹ́fà kú. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, ìjọba fi ju ìlọ́po méjì kún owó epo bẹntiróòlù; nígbà tí àwọn ènìyàn jáde, wọ́n pa lára wọn, wọ́n sì ti íńtánẹ́ẹ̀tì pa títí adájọ́ fi ní wọn ò láṣẹ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìparí ọdún náà, Hilal Elver tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán lọ wo ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ sí oúnjẹ sọ pé ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ènìyàn ni kò ní oúnjẹ tó dájú, ó sì sọ ọ́ ní gbangba pé ọwọ́ ènìyàn ló fà á. Bẹ́ẹ̀, òfin ìpìlẹ̀ ọdún 2013 wọn, ní abala 77, fi oúnjẹ tó tó àti omi tó mọ́ ṣe ẹ̀tọ́ fún gbogbo ènìyàn. Ìwé náà dára ju tiwa ní Nàìjíríà lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ààrẹ fọwọ́ sí òfin kan tó fún ìjọba lágbára púpọ̀ sí i lórí àwọn àjọ aláàánú, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fẹ́ kó wà lórí àga di ọdún 2030, nígbà tí òfin ní kó lọ ní 2028.

Ìdí rèé tí mo fi ní kí a fi kún àdúrà wa. Bí ẹ bá ti tọrọ òjò tán, ẹ tọrọ adájọ́ tí kò ní bẹ̀rù, ẹ tọrọ oníròyìn tí wọn ò ní gbé lóru, ẹ dárúkọ sabhuku tó ka orúkọ gbogbo ilé láìwo káàdì, nítorí irú wọn wà, ewu ni wọ́n sì fi ń ṣe é.

Ní ti owó ìkórè, kí ìgbìmọ̀ ìjọ tó fi ránṣẹ́, ẹ pe àjọ tí ẹ fẹ́ fún, kí ẹ má wulẹ̀ bèèrè iye àpò tí wọ́n pín. Ẹ bi wọ́n pé ta ló kọ orúkọ àwọn tó gbà á, ta ló kà á, níbo ni wọ́n ti kà á. Ẹ bi wọ́n pé bí obìnrin kan kò bá gbọ́ orúkọ rẹ̀, ta ló lè lọ bá láìjẹ́ pé baálẹ̀ náà ló máa padà bá. Bí wọ́n bá ní àwọn ará abúlé ló yan ìgbìmọ̀ fúnra wọn, tí wọ́n sì ń ka orúkọ sókè níta kí oníkálukú lè sọ tẹnu rẹ̀, ẹ fún wọn. Bí wọ́n bá ní àwọn aláṣẹ àdúgbò ló ń bá àwọn ṣe ìyẹn, ẹ dá owó yín dúró ná. Ẹ bi arábìnrin Zimbabwe tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ léèrè agbègbè tí wọ́n dárúkọ. Ó ṣeé ṣe kí ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, kó sì mọ ẹni tó mú ìwé lọ́wọ́.